Òfin Ìdíje Láàárín Oníṣòwò: Àlàyé fún Ẹ̀yin Ọmọdé

Ẹ̀yin ọmọ, bí màmá yín bá rán yín ní gàrí ní ọjà Odò-Ògbè ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ lè rí ìyá kan tí yóò wọn kóńgò náà kún dáadáa, tí yóò sì tún fi èènì lé e, nítorí ó mọ̀ pé bí òun kò bá ṣe é, ẹ ó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Bí oníṣòwò ṣe ń fi owó tí kò wọ́n àti ọjà tí ó dára wá oníbàárà báyìí ni à ń pè ní ìdíje. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá lẹ̀dí àpò pọ̀, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á ní iye tí ó dín sí èyí tí àwọn fẹnu kò sí, ibi yòówù tí ẹ bá yà sí, iye kan náà ni ẹ ó bá. Òfin ìdíje ni ó ń dènà irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nídìí kòkó, ohun ọ̀gbìn tí àwọn baba ńlá yín ní Ifẹ̀ àti Iléṣà fi kọ́lé, tí wọ́n sì fi rán ọmọ níléèwé. Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńlá tí ń ra kòkó ní Nàìjíríà àti Gold Coast, tí ó ti di Gánà lónìí, ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní bá ara wọn du ọjà mọ́. United Africa Company wà lára wọn. Ẹ rò ó wò: àgbẹ̀ ti ká kòkó, ó ti fọ́ ọ, ó ti bò ó, ó ti sá a gbẹ, kò sì sí ẹni tí yóò fi kọ́bọ̀ kan lé iye tí ẹni àkọ́kọ́ pè. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast fárígá, wọ́n kọ̀ láti ta kòkó fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ olùwádìí wá, tí àdéhùn náà sì dáwọ́ dúró ní ọdún 1938.

Òfin ti Nàìjíríà, tí ó ń jẹ́ òfin ọdún 2018, ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìdíje àti ààbò oníbàárà, sì ni ó ń mú un ṣẹ. Ó ka fífẹnukò lórí iye ọjà léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí àwọn ilé-iṣẹ́ pín ọjà láàárín ara wọn, kí ẹnì kan má ṣe tà ní agbègbè ẹlòmíràn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tóbi. Lílo agbára láti ti àwọn kéékèèké kúrò lọ́jà ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà náà níṣẹ́ rere tí ó ń ṣe, bíi píparí ìjà àti ríran ẹni tí ó ṣàìsàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìkà gbáà ni kí ó bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó dín iye ọjà rẹ̀ kù. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá sì rú òfin yìí lè san owó ìtanràn tí ó tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún un ní ọdún tí ó ṣáájú.