Nọ́ọ̀tì tó bá bóòtù mu, àti bí a ṣe ń dè é

Nọ́ọ̀tì méjì lè jọra bí ìbejì, kí sípánà 17 kan náà gbá méjèèjì mú, síbẹ̀ kí ọ̀kan wọ bóòtù wẹ́rẹ́, kí èkejì bà á jẹ́. Ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì nìkan ni sípánà mọ̀. Kò mọ tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn àwọn ìlà tó lọ́ yí inú rẹ̀ ká.

Ẹ jẹ́ ká mú bóòtù M10. Mìlímítà 10 ni sísanra rẹ̀. Láti ìlà kan sí èkejì sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 1.5, àmọ́ 1.25 náà wọ́pọ̀ lára ọkọ̀, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn. Ti ínǹsì tún wà: 5/16 fẹ́rẹ̀ẹ́ sanra tó M8, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́. Bí kò bá sí géèjì, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìlà tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé bóòtù tó dá yín lójú ti èyí tí ẹ fẹ́ wò, kí ìlà wọn wọnú ara wọn, kí ẹ wá gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàrin wọn, wọn kò bára mu.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára bóòtù. Ẹ gbé nọ́ọ̀tì lé e kó dúró gún, kí ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn bí ẹni ń tú u. Ìka yóò mọ̀ ọ́n nígbà tó bá já sílẹ̀ díẹ̀, kọ́! Ibẹ̀ ni ẹnu tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjèèjì ti pàdé. Ẹ wá yí i síwájú, ọwọ́ lásán, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta. Bó bá le ní ìyípo àkọ́kọ́, ó ti wọ̀ ní wíwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sípánà tì í: ṣe ni yóò gé ìlà mìíràn sórí ti tẹ́lẹ̀, yóò dà bíi pé ó ti dè, títí tí yóò fi bọ́. Ẹ tú u, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì tó ní òrùka náílọ́ọ̀nù lẹ́nu yàtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ le tó bá kan náílọ́ọ̀nù yẹn. Bí ọwọ́ lásán bá yí i dé ìdí, òrùka ti jẹ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti nọ́ọ̀tì táyà tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, ìhà ríìmù ni ṣóńṣó yẹn ń kọjú sí. Ẹ fún wọn díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí ríìmù má baà jókòó ní ìhà kan.