Bí wọ́n ṣe ń fi àyẹ̀wò kẹ́míkà mọ irú òróró ólífì àti ibi tó ti wá

Àyẹ̀wò kẹ́míkà lórí òróró ólífì ni iṣẹ́ làbó tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ólífì ni òróró kan lóòótọ́, irú igi tó so èso ẹ̀, àti ilẹ̀ tí igi ọ̀hún wà. L'Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, inú ìgò la ti ń bá huile d'olive pàdé, ní súpẹ́màṣé tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò àdúrà, torí náà ohun tí étíkẹ́ẹ̀tì bá sọ náà lèèyàn ń gbà. Epo pupa ò rí bẹ́ẹ̀ o, ìyá elépo ní ọjà Wàndó á kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ìka rà á, á tọ́ ọ wò, á ní eléyìí, èso ẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Èso tó bá pẹ́ nílẹ̀, ọ̀rá ẹ̀ á ti já, ásíìdì á sì pọ̀ nínú epo, nǹkan kan náà sì ni làbó ń wọ̀n nínú ólífì: extra virgin, ìyẹn òróró ólífì tó dáa jù, ò gbọdọ̀ ní ju 0.8% ásíìdì tó já bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ń sọ bóyá òróró dáa ni, kò sọ ibi tó ti wá.

Láti mọ irú igi, wọ́n á po òróró mọ́ methanol kí àwọn ásíìdì ọ̀rá lè tètè di oru, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ ju ẹ̀kán tín-ín-tín sínú ẹ̀rọ gas chromatography. Ihò páìpù inú ẹ̀ ò ju 0.25 mm lọ, àmọ́ tí wọ́n bá tú u, á gùn tó mítà 30 tàbí 60, wọ́n kàn ká a bí okùn sínú ààrò kékeré ni. Gáàsì á máa ti oru náà lọ, ásíìdì kọ̀ọ̀kan á jáde lásìkò tiẹ̀. Oríṣi igi ólífì bíi Picual ti Spéènì àti Koroneiki ti Gíríìsì sábà máa ń ní oleic, ásíìdì tó pọ̀ jù nínú òróró ólífì, tó lé ní 75%, Chemlali ti Tùnísíà kì í sábà dé 70%. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé oòrùn náà ń dá sí i: Arbequina tí wọ́n kó láti Spéènì lọ gbìn síbi tó gbóná ní Ajẹntínà, oleic ẹ̀ já débi pé òmíràn ò pé 55% tí International Olive Council, àjọ tó wà ní Madrid láti 1959, ní kó pé. Igi kan náà ni o!

Ní Ítálì, onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Forina àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó òróró 572 jọ láti agbègbè mẹ́sàn-án, wọ́n wọn ásíìdì mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ásíìdì eicosenoic nìkan ti tó láti ya ti gúúsù sọ́tọ̀, ásíìdì linoleic ló sì ya ti erékùṣù Sàdíníà kúrò lára ti àríwá.

Àwọn sterol, ìyẹn èròjà tín-ín-tín kan tó wà nínú òróró ewéko, ló ń tú àṣírí àdàlù. Brassicasterol tó bá lé ní 0.1%, colza, òróró ewéko mìíràn, ti wọ̀ ọ́. Tí erythrodiol àti uvaol, èròjà méjì tí wọ́n ń wọ̀n pẹ̀lú sterol, bá pọ̀ jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara pàǹtí tó kù lẹ́yìn ìfúntí ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àdàlù kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan: ní Spéènì ní 1981, colza tí wọ́n ti po aniline mọ́ ni wọ́n ń tà bí ólífì, ó pa èèyàn tó lé ní 300.

Ti ilẹ̀, ísótóòpù ni wọ́n ń wò, ìyẹn oríṣi èròjà kan náà tí ìwúwo wọn yàtọ̀. Bí òjò ṣe ń kúrò létí òkun tó ń gòkè lọ, omi tó wúwo ló ń kọ́kọ́ rọ̀ dànù, èyí tó fúyẹ́ ló ń kù, gbòǹgbò á fà á, ọ́síjìn àti háídrójìn ẹ̀ á sì wọnú èso. Kábọ́ọ̀nù 13, ísótóòpù kábọ́ọ̀nù tó wúwo, náà wúlò, torí ó pọ̀ lára àgbàdo ju ólífì lọ, ẹni tó bá da òróró àgbàdo mọ́ ọn á hàn. Ẹni tó da tournesol sí i lè yọ lọ́wọ́ èyí.

Àwọn kan ń wá DNA, àmọ́ díẹ̀ ló ń kù nínú òróró, wọ́n sì ń lọ èso tòun ti kóró, inú kóró sì ni DNA igi tó jẹ́ bàbá wà, ìyẹn sì lè da èsì rú.

Ẹ̀rọ ò mọ orúkọ ìlú kankan. Àwọn òróró tí wọ́n rí igi ẹ̀ lójú ni wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra, òjò ọdún kan sì lè má jọ tèyí tó kọjá. Ìgò tí wọ́n bá kọ "mélange d'huiles d'olive originaires de l'Union européenne" sí, ìyẹn àdàlù òróró ólífì láti àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ló ti lè pàdé nínú ẹ̀, ohun tí làbó lè sọ dájú níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju pé ólífì ni lọ.