Kámẹ́rà àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́langba: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó náwó

Bí èsì BEPC tàbí ti BAC, ìyẹn ìdánwò àwọn ọmọ girama ní Benin, bá ti jáde báyìí, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi fẹ́ràn fọ́tò, kámẹ́rà wo ni kí n rà fún un tí owó rẹ̀ ò ní ga jù?" Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ẹ ra àlòkù tó ṣeé bọ́ lẹ́ǹsì rẹ̀, tó ní lẹ́tà M lára bọ́tìnnì roboto tí à ń yí lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó náà fún àwọn nǹkan kéékèèké tí kámẹ́rà ò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Owó tí mo ń rí tí àwọn èèyàn ń pàdánù lórí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké.

Kí ẹ tó yọ owó rárá, ẹ bi ọmọ náà pé kí ló fẹ́ máa yà. Bó bá jẹ́ fídíò ara rẹ̀ tó fẹ́ máa gbé sórí TikTok ni, fóònù tó wà nílé ti tó, ẹ má wá kámẹ́rà kiri. Bó bá jẹ́ ojú èèyàn, bọ́ọ̀lù, ìnáwó àti àwọn apẹja orí ọ̀sà ló ń wù ú, ọ̀rọ̀ ti di ti kámẹ́rà nìyẹn. Mo sábà máa ń ní kí ọmọ náà ṣí fọ́tò inú fóònù rẹ̀ ká jọ wò ó. Ọmọ tó ya igi kan láàárọ̀, tó tún padà lọ ya igi yẹn kan náà nírọ̀lẹ́, ó ti ń wá ìmọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ náwó lé.

Kí ni M yìí wá wà fún? Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bí fọ́tò ṣe máa rí: bí ihò inú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, iye àkókò tí kámẹ́rà fi ń la ojú sí ìmọ́lẹ̀, àti ISO, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó wọlé náà sókè tó. Lórí M, ọwọ́ ọmọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ká ní ó dúró síbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu lọ́sàn-án, tí oníjó ń tàpá. Bí kámẹ́rà rẹ̀ bá wà lórí ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá, ẹsẹ̀ oníjó yóò ṣe bàìbàì. Kó gbé e sí ìdá kan nínú 500, ẹsẹ̀ á dúró ṣinṣin, iyẹ̀pẹ̀ tó ta sókè lábẹ́ rẹ̀ pàápàá á hàn. Ṣùgbọ́n bó bá di òru Ẹ̀fẹ̀, ìdá kan nínú 500 kò ní gba ìmọ́lẹ̀ tó mọ́. Ó ní láti ṣí ihò lẹ́ǹsì, kó gbé ISO sókè, kó sì dúró de ìgbà tí eléré bá sinmi díẹ̀. Fóònù máa ń dá pinnu gbogbo èyí fúnra rẹ̀ ni, ọmọ kì í sì mọ ìdí tí fọ́tò kan fi dára tí èkejì fi bàjẹ́. Kámẹ́rà tí kò ní M yóò ṣe bákan náà fún un, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ohun tí àwọn olùtajà fi ń tan èèyàn jù ni megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Canon 1100D tó jáde ní 2011 kò ní ju megapixel 12 lọ. Síbẹ̀, ẹ lè tẹ fọ́tò rẹ̀ tó fẹ̀ tó 36 sẹ̀ǹtímítà, tó ga tó 24, kó sì mọ́ kedere. Ìwé A4 kò tó bẹ́ẹ̀, èyí tí à ń tẹ̀ jù fún àwọn oníbàárà wa ò sì ju 10 × 15 lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bí sensor ṣe tóbi tó, ìyẹn pátákó kékeré inú kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Ti àwọn Canon tó ń bọ́ lẹ́ǹsì tí mo máa dárúkọ fẹ̀ ní nǹkan bíi ìlọ́po méjìlá ju ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà pélébé tí ẹnu rẹ̀ ń gùn síwájú. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń wá nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn kan tún wà tí kò lórúkọ, tí páálí wọn ń dán, tí "48 megapixel", "4K" àti "16X" kún ara rẹ̀, tí wọ́n ń tà bíi kámẹ́rà ọ̀dọ́. Sensor wọn kéré, ẹ̀rọ ló kàn ń fẹ fọ́tò náà lójú títí yóò fi pé iye tí wọ́n kọ sára páálí, 16X yẹn sì jẹ́ gígé àárín fọ́tò lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Èwo wá ni kí ẹ wá? Nínú Canon, 1100D àti 600D, 2011 ni àwọn méjèèjì jáde. 600D ni mo yàn fún ọmọ tó fẹ́ pa fídíò pọ̀ mọ́ fọ́tò, nítorí ojú ẹ̀yìn rẹ̀ tí à ń wo fọ́tò ṣeé ṣí yí síta, ó sì ní ihò tí a lè ki ẹ̀rọ tó ń gba ohùn (microphone) bọ̀. 100D ti 2013 fúyẹ́ gan-an, 407 gíráàmù pẹ̀lú bátìrì àti káàdì, ó dára fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kéré. Nínú Nikon, D3100 ti 2010 tàbí D3200 ti 2012. Bí agbára yín bá gbé e, D3500 ti 2018 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, pàápàá fún ọmọ tó ń lọ lo ọlidé ní abúlé kan lẹ́yìn Sábẹ̀ẹ́ tí iná mànàmáná ò ti dájú: bátìrì rẹ̀ kan lè ya nǹkan bíi 1,550 fọ́tò, nígbà tí ti Sony a6000, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo rẹ̀, wà ní nǹkan bíi 360. Kì í ṣe pé a6000 burú o. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ló máa ń wọ́n owó òbí jù. Canon 4000D, ì báà jẹ́ tuntun, èmi ò rà á fún ọmọ mi: ike ni wọ́n fi ṣe ẹnu ibi tí lẹ́ǹsì ti ń wọ̀ ọ́, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sì máa ń bọ́ lẹ́ǹsì, á tún dè é, lójoojúmọ́.

Lẹ́ǹsì 18-55 tó máa ń bá kámẹ́rà wá ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀ (nọ́ńbà mm yìí ló ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ni tó). Tí owó bá tún yọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ má ra èyí tó gùn gbọọrọ. Ẹ ra 50mm f/1.8 fún Canon, tàbí 35mm f/1.8 fún Nikon; nọ́ńbà ara f ló ń sọ bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, bó bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó. Ní 50mm, ìmọ́lẹ̀ tí f/1.8 ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6 tí 18-55 máa ń wà níbẹ̀. Òun ni yóò jẹ́ kí ọmọ lè ya ìyá àgbà nínú yàrá tí fèrèsé kan ṣoṣo wà, láìsí iná kámẹ́rà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mú Nikon, ẹ ṣọ́ra: D3100 àti D3200 kò ní mọ́tò inú tó ń yí lẹ́ǹsì kí fọ́tò lè mọ́ kedere, nítorí náà ẹ rí i pé AF-S, ìyẹn èyí tó ní mọ́tò tirẹ̀, wà lára orúkọ lẹ́ǹsì tí ẹ fẹ́ rà. Èyí tí wọ́n kọ AF lásán sí, ọwọ́ ni ọmọ yóò máa fi wá ojú fọ́tò. AF-P kò sì bá D3100 àti D3200 ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ rò pé lẹ́ǹsì kan kéré. Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ Faransé tó gba orúkọ Fátúmbí nígbà tó di babaláwo ní Kétu ní 1953, kámẹ́rà Rolleiflex ló ń gbé kiri: lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé bọ́, fíìmù kan kò sì gba ju fọ́tò 12 lọ. Ní Àjàṣẹ́ tiwa yìí, ẹ jẹ́ kí ọmọ wo iṣẹ́ ayafọ́tò Joseph Moïse Agbodjélou (1912–2000), kó sì wo ti Léonce Raphael, ọmọ rẹ̀. Aṣọ aláràbarà tó so sẹ́yìn ẹni tó ń yà, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, àti èèyàn tó mọ bí òun ṣe fẹ́ dúró, ohun tí Léonce fi ya àwọn ará ìlú wa nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló kù, ibẹ̀ ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Ì báà jẹ́ Kútọnù lẹ ti fẹ́ rà á, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ mú káàdì SD tiyín dání, ìyẹn káàdì tí fọ́tò ń wọ̀. Bí ọjà náà bá ń lo CompactFlash, irú káàdì àtijọ́ kan, ẹ dá a padà bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó: káàdì rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, abẹ́rẹ́ inú ihò rẹ̀ sì máa ń tẹ̀.

Lẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ bọ́ ọ kúrò lára kámẹ́rà, ẹ ṣí ìdérí iwájú àti tẹ̀yìn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀yìn, kí ẹ wá máa wo inú rẹ̀ láti iwájú, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Eruku bíi mélòó kan kò ṣe nǹkan fún fọ́tò. Ohun tí ẹ̀ ń wá ni okùn funfun tín-ín-rín tó ń yọ ẹ̀ka láti etí gíláàsì bọ̀ wá sí àárín. Bí ẹ bá rí i, gíláàsì ti bu nìyẹn, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ìlú tó wà létí ọ̀sà là ń gbé, ọ̀rinrin pọ̀, lẹ́ǹsì tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu kì í sábà dáwọ́ dúró. Olùtajà á ní nínù ló kàn fẹ́. Ẹ má gbà, inú ló wà, aṣọ ò lè débẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yí òrùka rẹ̀ lọ, yí i bọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé iyanrìn ń rìn nínú rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ó kan kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e sórí M, ẹ jáde sínú oòrùn, ẹ ya fọ́tò kan ní ìdá kan nínú 4,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí apá kan fọ́tò náà bá dúdú bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ bò ó, ìdérí inú rẹ̀ (shutter, èyí tó ń ṣí tó sì ń pa fún ìmọ́lẹ̀) ti ń kú lọ, àtúnṣe rẹ̀ sì lè gba owó tó tó ti kámẹ́rà náà. Ẹ gbé ihò lẹ́ǹsì sí f/16, ẹ ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun, kí ẹ fẹ fọ́tò náà lójú. Àmì dúdú roboto jẹ́ eruku, a lè nù ún. Ìlà tó ṣe tààrà bí ìgbà tí èèkánná ha nǹkan, ẹ má rà á. Nikon máa ń kọ iye ìgbà tí ìdérí náà ti ṣí sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè bá yín wò ó, D3200 sì jẹ́ èyí tí wọ́n dán wò dé 100,000. Ọ̀pọ̀ Canon kì í kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí náà bí rọ́bà ṣe gbó lára ibi ìdìmú ni kí ẹ fi gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ ṣí mẹ́nù rẹ̀, ẹ wò ó bóyá èdè Faransé wà níbẹ̀. Àwọn tòkúnbọ̀ kan wà tó jẹ́ pé fún ọjà Japan ni wọ́n ṣe wọ́n, tí ẹ ò sì lè rí ju èdè Japan lọ nínú wọn. Ọmọ yóò máa tẹ̀ ẹ́ bí afọ́jú ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ìwé tí olùtajà kọ orúkọ rẹ̀ sí pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà ní ìdí kámẹ́rà náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ lọ́la pé jíjí ni wọ́n jí i.

Bí ẹ bá ní 100,000 sẹ́fà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí nǹkan bíi 30,000 kù nínú rẹ̀. Káàdì kan, 16 tàbí 32 GB, bátìrì kejì, àti báàgì tí ojo ò lè wọ̀. Káàdì ayédèrú pọ̀: ẹ kó fáìlì sínú rẹ̀ títí yóò fi kún, kí ẹ sì ṣí wọn wò lẹ́yìn náà, torí ayédèrú máa ń gba gbogbo rẹ̀ láì kọ̀, fọ́tò ẹ̀yìn ni kò ní ṣí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Nílé, ẹ má ti kámẹ́rà mọ́ inú àpótí aṣọ tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀. Ẹ máa tọ́jú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, tó ń bá bàtà tuntun wá nínú páálí, ẹ kó o sínú báàgì rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ látìgbàdégbà. Lásìkò ọyẹ́, inú ilé ni kí ọmọ ti máa bọ́ lẹ́ǹsì, kó dojú kámẹ́rà kọlẹ̀.

Ẹ tún bá a sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a kì í yà. Orò kò sí nínú ọ̀rọ̀ fọ́tò rárá. Ní ti Egúngún àti Zangbeto (ọlọ́dẹ òru àwọn Ègùn), kámẹ́rà ò gbọdọ̀ jáde nínú báàgì àfi tó bá ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà tó wà níbẹ̀. Ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá ìran ènìyàn, ojú àwọn eléré rẹ̀ ti mọ́ kámẹ́rà, síbẹ̀ kó kí wọn kó tó yà wọ́n. Tí ẹnì kan bá sì gbà kó ya òun, kó gba nọ́ńbà ẹni náà, kó tẹ ẹ̀dà kan, 10 × 15 náà ti tó, kó lọ fi lé e lọ́wọ́.