Àwọ̀ ìró: ohun tí agolo, kẹ́ẹ̀gì àti òkèlè èbà lè fi hàn wá

Bí gángan bá ké "mí" (ti dò-re-mí), tí fèrè náà ké "mí" ní ohùn kan náà, tí kò sí èyí tó pariwo ju èkejì lọ, kò sí etí tó máa fi ọ̀kan pe èkejì. Ohun tí etí fi dá wọn mọ̀ yẹn ni àwọ̀ ìró, tí àwọn olórin ń pè ní timbre.

Ẹ wá agolo mílíìkì òfìfo. Ẹ fi ìṣó lu ìdí rẹ̀, ẹ ki okùn bọ ihò náà, ẹ ta kókó sí i nínú, kí ẹ gbé e rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹ fi ṣíbí irin lù ú, á ké bí agogo. Ẹ wá fi ọmọorógùn lu ojú ibẹ̀ gan-an: "kín-ín" tó wà lókè ti lọ, "kó" ló kù. Irin le, kì í pẹ́ lára agolo kó tó ta kúrò, ìyẹn ló ń jí àwọn ìró tínrín. Igi rọ̀ jù ú lọ. Bí ẹ bá sì fọwọ́ di agolo mú, ẹran ọwọ́ á gba gbogbo ìgbọ̀nrìrì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní agolo ni kò dáa, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń fẹ́ sùúrù. Ìrẹsì ṣíbí ìjẹun méjì nínú ike omi 75cl á dún ṣaka-ṣaka, iyọ̀ á dún ṣììì. Bó bá kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ike, hóró kò ní ráyè fò mọ́. Síbẹ̀, èyí kò tíì jọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gidi, torí ẹ̀yìn igbá ni ìlẹ̀kẹ̀ tiẹ̀ wà. Ẹ sin bọ́tìnnì sókùn, ẹ hun ún yí kẹ́ẹ̀gì lítà 5 ká, kó dẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, bọ́tìnnì á ta mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú á dún "búù". Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ "búù" yẹn á há sínú.

Ó ku ìlù. Ẹ na ọ̀rá bo ẹnu agolo mìíràn, ẹ fi rọ́bà dè é le, ẹ fìka ta á. Ẹ wá lẹ èbà tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ mọ́ àárín rẹ̀. Ìró á wálẹ̀, á sì tètè dákẹ́. Iṣẹ́ tí ìda, ohun tó ń lẹ̀ tí onílù ń fi sára awọ, ń ṣe lójú òjò (ojú tó tóbi jù) ìyáàlù bàtá nìyẹn. Bí èbà bá pọ̀ jù, á máa dún bíi páálí. Ẹ bù díẹ̀ kúrò, kí ẹ tún un ta.