Bí Apá Tuntun Anime Ṣe Ń Bàjẹ́ Kó Tó Dórí Tẹlifíṣàn

Ẹni tó bá ti ń wo The Seven Deadly Sins, anime (fíìmù alátẹ̀yàwòrán ilẹ̀ Jàpáánì) kan, bọ̀ láti 2014 mọ ohun tójú rí nígbà tí apá kẹta bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2019. Ìjà Meliodas àti Escanor, méjì lára àwọn akọni inú ẹ̀, táwọn tó ń ka manga ẹ̀ (ìwé ìtàn aláwòrán tí wọ́n fi ṣe anime náà) ti ń retí tipẹ́, tó jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni agbára Escanor máa ń dé góńgó, ló wá dà bíi páálí méjì tí wọ́n so mọ́gi tó ń gbára wọn. Ojú wọ́, ọwọ́ kan gùn ju ìkejì lọ, ẹ̀jẹ̀ wá funfun bíi mílíìkì. Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì yéèyàn ṣá, ìrọ̀lẹ́ ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn TV Tokyo ń gbé anime náà jáde nígbà yẹn, ọmọdé ò tíì sùn.

Ọ̀pọ̀ máa ń bú sítúdíò, wọ́n rò pé òun ló ni anime. Rárá o. Ní Jàpáánì, ìgbìmọ̀ kan ló máa ń ni ín, seisaku iinkai ni wọ́n ń pè é: ilé ìtẹ̀wé tó ni manga, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn, àwọn tó ń ta orin, àwọn tó ń ta ọmọláńgidi, wọ́n á dáwó jọ, tí èrè bá wọlé wọ́n á pín in. Sítúdíò tó ń yàwòrán dà bíi bíríkìlà ni, iye tí wọ́n bá a dá ló máa gbà, ọjà ìbáà tà títí, àfi tóun náà bá dáwó sí i. Bíríkìlà sì ṣeé pààrọ̀. A-1 Pictures ló ṣe apá kìíní àti ìkejì, Studio Deen ni wọ́n gbé ìkẹta fún, Marvy Jack tún bá wọn dá sí i.

Àkókò ló wá ń pa iṣẹ́ gan-an, torí wọ́n ti gba àyè lórí tẹlifíṣàn sílẹ̀, ọjọ́ ò sì ṣeé sún. Ọ̀gá ayàwòrán á ya ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ti gbéra àti ibi tó bà sí, àwọn míì á ya gbogbo ohun tó wà láàárín, ìṣẹ́jú àáyá kan péré lè gba àwòrán mẹ́jọ sí méjìlá, lẹ́yìn náà ẹnì kan á jókòó máa tún ojú ṣe kí Meliodas tí ẹni mẹ́wàá yà lè jọ Meliodas kan ṣoṣo. Tí àkókò bá há, iṣẹ́ ẹni tó ń tún ojú ṣe yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré fò, torí àwòrán tí wọn ò tún ṣe ṣì ṣeé gbé jáde, àwòrán tí ò sí ló lè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ wá wo apá kẹta yìí, ẹ́písóòdù 24, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, níbo ni wọ́n ti fẹ́ mí?

Apá kẹrin jáde ní 2021. Studio Deen náà ló ṣe é.