Ara Kì Í Béèrè Gbèsè Lójú Ẹsẹ̀

Pé agbára ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í tó ti ẹni tára rẹ̀ dá, ìyẹn kò ṣàjèjì. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú ni àsìkò tí ara máa ń béèrè gbèsè rẹ̀.

Nínú àìsàn ME/CFS, ìyẹn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń fa àárẹ̀ líle tí ìsinmi kì í mú lọ, àti lára ọ̀pọ̀ ẹni tí long COVID, ìyẹn àìlera tó ń ṣẹ́kù sára lẹ́yìn àrùn COVID, ń dà láàmú, ara kì í pariwo lójú ẹsẹ̀. Èèyàn lè fọṣọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó dáná, kó gba àlejò, kó sì wọlé sùn tayọ̀tayọ̀ pé ara ti ń mókun. Ó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tàbí Ọjọ́rú pàápàá, kí ìṣubú tó dé: ẹran ara á máa ro, gbólóhùn kan ṣoṣo á ṣòroó parí, oorun ò ní tura, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á máa gúnni lójú. Wákàtí 12 sí 48 ló sábà máa ń wà láàárín. Owó ṣógundogójì gan-an ni. Ẹni tó yá ogún máa san ogójì, olówó ò sì ní kanlẹ̀kùn títí onígbèsè fi gbàgbé pé òun yá nǹkan; nígbà tó bá wá dé, á kó àga, á ká ẹní, á gbé ìkòkò tó wà lórí iná. Wákàtí kan àṣejù lè gba odidi ọ̀sẹ̀ lórí ibùsùn.

Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn "sinmi tó bá ti rẹ̀ ọ́" fi léwu. Kí àárẹ̀ tó yọjú, a ti ná owó náà tán. Aago ló yẹ kí èèyàn gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí aláìsàn kọ́kọ́ fi kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú rẹ̀. Bí ìṣubú bá dé, ọjọ́ méjì ẹ̀yìn ni kó yẹ̀ wò. Bó bá hàn pé ìdúró ìṣẹ́jú 20 ló ń fa wàhálà, kó máa dáwọ́ dúró ní ìṣẹ́jú 10, kó dùbúlẹ̀, kó dijú fún ìṣẹ́jú 15, bí kò tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Títẹ fóònù kì í ṣe ìsinmi. Ìwé kíkà, àríyànjiyàn, ẹkún, títí kan ayọ̀, àpò kan náà ni gbogbo wọn ti ń ná.

Ìwẹ̀ ni àwọn ará ilé kì í kà sí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìdúró ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọ́ lọ sí ẹsẹ̀, omi gbígbóná ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, apá tí a gbé sókè láti fọrí ń fi kún un, ọkàn á wá máa sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè dé orí. Àga ike kékeré nínú balùwẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àti táwẹ́lì tí èèyàn kàn wé mọ́ra títí ara á fi gbẹ, ń gba púpọ̀ là nínú agbára yẹn.

Àwọn kan tún máa ń tipa eré ìdárayá tó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lé aláìsàn dìde. Ẹni tí oríkèé orúnkún ń dùn lè jàǹfààní rẹ̀. Ti ME/CFS kò rí bẹ́ẹ̀. Ní October 2021, àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n má fi tọ́jú ME/CFS mọ́, ó sì ti yẹ kó ṣẹlẹ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ tí ara bá yá ló le jù. Aṣọ méje ṣì wà nínú bàsíà, ọwọ́ kò tíì ro, àláàmù sì dún ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Inú omi ni wọ́n máa wà di ọ̀la.