Bí sátẹ́láìtì ṣe ń mọ ẹgàn yàtọ̀ sí oko kòkó

Erin ṣì wà nínú igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Erin inú igbó ni, irú èyí tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ẹ̀dá, kà mọ́ àwọn ẹranko tó wà létí àtiparun lọ́dún 2021. Bó ti tóbi tó nì, sátẹ́láìtì kì í rí i, torí abẹ́ ewé ló ń gbé. Ibi tó lè gbé ni wọ́n ń wá láti òkè.

Láti 1972 ni àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń ya ilẹ̀ ayé. Àwòrán rẹ̀ lóde òní pín ilẹ̀ sí ẹyọ ẹyọ, 30 mítà níbùú, 30 lóròó. Ẹyọ kan ju púlọ́ọ̀tì ilé kan lọ. Fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ta padà sílẹ̀. Ewé tútù máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, á sì ta ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú wa kò rí, padà. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣán tí wọ́n sì dáná sun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í pẹ́ hàn.

Oko kòkó ló le. Kòkó tutù yọ̀yọ̀, mẹ́línà tí wọ́n gbìn fún gẹdú náà tutù yọ̀yọ̀. Téèyàn bá fi àwọ̀ nìkan wò ó, igbó ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ erin tó bá wọ oko kòkó, ìjà dé nìyẹn. Orí igi ni wọ́n wá ń wò. Nínú ẹgàn, ìrókò àti àràbà á yọrí láàárín àwọn yòókù, òjìji wọn á bo àwọn kúkúrú, àwòrán á rí gbágungbàgun. Kòkó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní.

Kọ̀ǹpútà kò lè dá èyí mọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ. Àwọn ènìyàn ní láti fẹsẹ̀ wọgbó, ẹ̀rọ GPS tó ń sọ ibi téèyàn wà lọ́wọ́: ẹgàn rèé, kòkó rèé, oko tí wọ́n pa tì rèé. Wọ́n á fi apá kan kọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fi apá kejì pamọ́ láti dán an wò. Ibi tí wọ́n bá ti rí ìgbẹ́ erin náà ń wọ máàpù, torí òun ló ń sọ bí erin ṣe ń súnmọ́ omi tó, àti bó ṣe ń jìnnà sí títì tó. Máàpù tí kò ní iṣẹ́ ẹsẹ̀ yìí nínú kò ṣeé gbára lé.

Nígbà òjò, ìkùukùu á bo igbó. Nígbà ọyẹ́, eruku. Wọ́n á ṣa ẹyọ tó mọ́ lára àwòrán ọjọ́ púpọ̀, wọ́n á tò wọ́n pọ̀. Rádà tó wà lórí sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti Yúróòpù kò tilẹ̀ ka ìkùukùu sí.

Tí wọ́n bá wá gbé máàpù ọdún kan lé ti òmíràn, ibi tí oko ti fẹ́ gé ẹgàn sí méjì á hàn. Ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kọ́kọ́ dé, torí tí ọ̀nà yẹn bá dí, erin apá ìhín kò ní rí ti apá ọ̀hún gùn mọ́.